Ìdáríjì Ẹ̀ṣẹ̀, Ìgbàlà àti Ìyípadà Ìwà: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́, àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn ìbéèrè tó wà níbí ni ọmọ ìjọ máa ń gbé wá sí kíláàsì ìrìbọmi, sí ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀, tàbí tí wọ́n máa ń dúró béèrè lẹ́yìn ìsìn nígbà tí èrò ti ń túká. Níbi tí àwọn ìjọ kò ti fẹnu kò, a ó sọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan gbà. Níbi tí a ti ní èrò tiwa, a kò ní fi pamọ́.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ gan-an? Ṣé ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe nìkan ni?

Rárá o. Ẹ ṣí Orin Dáfídì 51, èyí tí a so mọ́ ọ̀rọ̀ Dáfídì àti Bátíṣébà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà ní ẹsẹ̀ kìíní àti ìkejì: ìrékọjá, àìṣedédé, ẹ̀ṣẹ̀. Ìrékọjá ni kí ènìyàn mọ ààlà kó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọjá rẹ̀. Àìṣedédé ni ohun tó wọ́ nínú wa, bí igi tó ti wọ́ láti kékeré. Ní ti ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ jẹ mọ́ ẹni tó ju òkò tí kò ba ibi tó fojú sùn. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ló wà nínú Onídàájọ́ 20:16, níbi tí 700 ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì ti lè fi kànnàkànnà ta òkúta ba fọ́nrán irun láìtàsé.

Ohun rere tí a mọ̀ tí a kò ṣe náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ (Jákọ́bù 4:17). Ẹni tí kọ̀ńdọ́ fún ní ṣéńjì tó lé, tó rí i, tó sì dákẹ́, kò na ọwọ́ sí àpò ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó ṣẹ̀.

Kí ló dé tí Ọlọ́run kò kàn ní "mo ti dárí jì ọ́" kọ́rọ̀ tán? Kí ni ti àgbélébùú?

Nítorí pé ìdáríjì máa ń ná ẹni tó ń dárí jini ní nǹkan. Bí ẹnì kan bá jẹ yín ní ₦200,000, tí ẹ sì ní kó má san án mọ́, owó náà kò parẹ́. Ẹ̀yin lẹ fi àpò yín gbé e. Ohun tí Kristẹni gbà pé ó ṣẹlẹ̀ lórí àgbélébùú nìyẹn: ẹni tí a jẹ ní gbèsè ló fi ara rẹ̀ gbé gbèsè.

Ọ̀rọ̀ "ètùtù" kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó ṣẹ̀ ló máa ń wá ohun ètùtù kiri, òun náà ló ń gbé e lọ. Róòmù 3:25 dojú rẹ̀ dé: Ọlọ́run tí a ṣẹ̀ ló pèsè ètùtù fúnra rẹ̀. Ẹni tí èyí bá yé kò ní máa ru ẹrù lọ sí ilé ìsìn bí ẹni tó ń lọ tu Ọlọ́run tínú ń bí lójú. Àwọn ìjọ ń ṣàlàyé bí ètùtù náà ṣe ṣiṣẹ́ lónírúurú. Àwọn ìjọ tó ti inú Àtúnṣe ọ̀rúndún kẹrìndínlógún (ìyapa kúrò lára ìjọ Kátólíìkì) jáde sọ pé Kristi gba ìdájọ́ tó tọ́ sí wa. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì àti ọ̀pọ̀ bàbá ìjọ àtijọ́ tẹnu mọ́ ọn pé ó ṣẹ́gun ikú àti èṣù tó dè wá. Májẹ̀mú Tuntun lo àwòrán méjèèjì, a kò sì rídìí tí a ó fi lé ọ̀kan jáde nítorí èkejì.

Ìdáríjì, ìdáláre, àtúnbí, ìsọdimímọ́, ìgbàlà: ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn?

Wọ́n jọ ń rìn ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdáríjì pa gbèsè rẹ́. Ìdáláre jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́: adájọ́ kò kàn fagi lé ẹjọ́, ó ní ẹni náà jàre. Àtúnbí, tí Jésù bá Nikodémù sọ lóru (Jòhánù 3), ni ìyè tuntun tó wọ inú ènìyàn. Ìsọdimímọ́ ni iṣẹ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń ṣe lára ìwà wa lójoojúmọ́.

Ìgbàlà ló kó gbogbo wọn jọ, Bíbélì sì sọ ọ́ bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ (Éfésù 2:8), ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ (1 Kọ́ríńtì 1:18), àti ohun tó ń bọ̀ (Róòmù 5:9). Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí "ṣé o ti rí ìgbàlà?" kò ju pé ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ àná, èkejì ń sọ̀rọ̀ ọ̀la.

Kí ni mo máa ṣe gan-an bí mo bá fẹ́ kí Ọlọ́run dárí jì mí?

Ẹ tú "ìrònúpìwàdà" wò: kí a ronú, kí a pa ìwà dà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a fi í túmọ̀, *metánoia*, dúró sórí èrò ọkàn tó yí padà. Yorùbá so ìwà mọ́ ọn lójú kan náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ronú tí kò pa ìwà dà, ìdajì ló ṣe. Ẹni tó pa ìwà dà láìronú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń bà á.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ pe ẹ̀ṣẹ̀ náà lórúkọ rẹ̀. "Jẹ́wọ́" tó wà nínú 1 Jòhánù 1:9, ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ni kí ẹnu wa bá ti Ọlọ́run mu lórí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, "Olúwa, dárí gbogbo àṣìṣe mi jì mí" kò tíì tó. Ẹ sọ pé: "Mo mú owó ẹgbẹ́, mo fi san owó ilé mi." "Mo purọ́ mọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ má fi "ṣùgbọ́n" tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ìdáríjì nítorí Kristi, kí ẹ sì gbà á gbọ́ pé ó ti fún yín. Kí ẹ tó dìde, ẹ wá ohun kan pàtó tí ẹ máa ṣe lónìí láti kúrò níbẹ̀: nọ́ńbà tí ẹ máa pa rẹ́, owó tí ẹ máa dá padà, ẹni tí ẹ máa lọ bá.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ hàn nínú ìtàn ọba méjì. Sọ́ọ̀lù sọ pé "mo ti ṣẹ̀", Dáfídì náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú 1 Sámúẹ́lì 15, Sọ́ọ̀lù kọ́kọ́ sẹ́, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀bi ru àwọn ènìyàn rẹ̀, nígbà tó sì jẹ́wọ́, ohun tó tọrọ ni kí Sámúẹ́lì bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbàgbà. Ojú ayé ló ń tì í. Dáfídì kò dárúkọ ẹlòmíràn rárá (2 Sámúẹ́lì 12:13). Ohun mìíràn tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé wọ́n ń dúró de ẹkún. Omijé dára bó bá wá, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti fi ṣe òṣùwọ̀n ìrònúpìwàdà.

Ṣé ó di dandan kí n jẹ́wọ́ fún àlùfáà?

Ìjọ Kátólíìkì ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Nǹkan mẹ́ta ló ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ńlá lójú wọn: kí ọ̀rọ̀ náà wúwo, kí ẹni náà mọ̀ pé ó wúwo, kó sì fínnúfíndọ̀ ṣe é. Ìgbìmọ̀ Lateran ti 1215, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn, ló pa á láṣẹ pé kí onígbàgbọ́ jẹ́wọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìkẹ́dùn, ìjẹ́wọ́ àti ohun ìtanràn tí àlùfáà bá ní kó ṣe jẹ́ ti ẹni tó wá. Àlùfáà yóò sì kéde ìdáríjì ní orúkọ Ọlọ́run. Jòhánù 20:23 ni wọ́n dúró lé. Àlùfáà kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ikú ìbáà dé.

Ìjọ Áńgílíkà ní ìjẹ́wọ́ àpapọ̀ nínú ìsìn, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi àti àwọn ìjọ Pẹntikọ́sítì ní Kristi nìkan ni alárinà, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni kí a lọ tààrà.

Síbẹ̀ Jákọ́bù 5:16 ní kí a jẹ́wọ́ fún ara wa, àwọn ìjọ tí kò ní àlùfáà sì sábà máa ń fo ẹsẹ̀ yìí dá. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ti di bárakú kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ wá ẹnì kan, ẹnì kan péré, tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún yín. Ẹni tó ń tú àṣírí ẹlòmíràn sí yín létí yóò tú tiyín náà. Ẹ má gbé e lọ sí orí WhatsApp ìjọ, ẹ má sì gbé e lọ sí àkókò ìjẹ́rìí.

Mo ti jẹ owó olówó. Ọlọ́run ti dárí jì mí. Ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ dá a padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ọlọ́run kò dúró di ìgbà tí ẹ bá san gbèsè tán kó tó dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun rí ìdáríjì, tí owó olówó ṣì wà lápò rẹ̀, ohun tó gbà kò tíì yé e. Àwọn ìjọ bíi Apostolic Faith àti Deeper Life fi ìdápadà sínú ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ní pàtó, a sì rò pé wọ́n jàre níbẹ̀.

Iye wo? Léfítíkù 6:1-5 ní kí ẹni tó rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ dá ojú owó padà, kó sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. ₦50,000 di ₦60,000. Ẹ́kísódù 22:1 le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó jí màlúù tó sì ti pa á tàbí tó ti tà á, màlúù márùn-ún ni yóò san, àgùntàn mẹ́rin dípò ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti Léfítíkù jẹ mọ́ ẹni tí ẹ̀bi ara rẹ̀ yé, tó gbé e wá. Ti Ẹ́kísódù jẹ́ ti olè tí ọwọ́ bà. Ẹ wá wo Sákéù nínú Lúùkù 19:8. Kò sẹ́ni tó mú un, síbẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun máa san, ìyẹn ìyà olè, lẹ́yìn tó ti pín ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà. Kò sẹ́ni tó ka iye yẹn sí i lọ́rùn. Kó tó sọ ọ́ ni Jésù ti ní òun ń bọ̀ wá wọ̀ sílé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí ọjà. Ìyá tó ń ta gàrí ní kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Kí ó kọ́kọ́ mọ iye tó ń yọ: kó bu omi kún kọ́ńgò náà dọ́gba ẹnu, kó dà á sínú kọ́ńgò tó pé. Ibi tí omi kò dé ni ohun tó ń jẹ lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ni, ẹni tó ra kọ́ńgò mẹ́wàá gbé mẹ́sàn-án lọ sílé. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ kọ́ńgò yẹn pa. Kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ fi ta aládùúgbò rẹ̀ lọ́rẹ, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà yóò kàn pààrọ̀ ìsọ̀ ni. Àwọn oníbàárà tó mọ̀, kó wọn tiwọn lé e fún wọn, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀, kó fi iye tó bá fojú dá fún aláìní, láìfọn fèrè.

Bí olówó bá ti kú ńkọ́? Nọ́ḿbà 5:8 dáhùn: ìbátan rẹ̀ ló kàn. Ẹ wá ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ẹ fi fún iṣẹ́ àánú. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ lọ sọ fún un, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. ₦5,000 tó ń wọlé déédéé sàn ju ìlérí ₦100,000 lọ.

Bó bá jẹ́ orúkọ lẹ bà jẹ́, ibi tí ẹ ti bà á jẹ́ ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ẹyin lohùn, a kò lè kó gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí WhatsApp ẹbí lẹ ti sọ ọ́, orí WhatsApp ẹbí yẹn gan-an ni kí ẹ ti kọ ọ́ pé irọ́ ni, kì í ṣe kí ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ kí àwọn tó gbọ́ irọ́ máa gbà á gbọ́ lọ.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀rọ̀ tó bá kan òfin ìlú, ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Àdúrà kò fagi lé òfin. Ọ̀rọ̀ panṣágà, ẹ má kàn sáré lọ tú u sílẹ̀ láti mú ọkàn tiyín fúyẹ́, kí ẹ wá dá ilé méjì rú. Ẹ kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kòkòrò HIV àti àwọn àrùn mìíràn, nítorí ẹ̀mí ẹni tí ẹ jọ ń sùn wà nínú rẹ̀, a kò sì lè fi èyí pa mọ́ fún un. Èkẹta: owó tí ẹ mú lọ́wọ́ Làmọ́rín, ọ̀dọ̀ Làmọ́rín ló ń lọ. Kò tọ́ kí ó gba inú àpótí ọrẹ kọjá, pásítọ̀ tó bá sì ní kí ẹ kó o wá fún òun ti ṣì yín lọ́nà.

Mo ti fẹ́ ìyàwó méjì kí n tó gbàgbọ́. Ṣé kí n lé èyí àbúrò lọ?

Ìbéèrè yìí ti da ọ̀pọ̀ ilé rú nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1888, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lambeth pinnu pé kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà, ní 1988, ìpàdé kan náà yí i padà: ẹni tó bá gbàgbọ́ lè gba ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, bó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó wà nílé bá ṣì wà láàyè. Wọn kò ní fi dandan lé e kó lé ìkankan, nítorí ohun tí obìnrin náà yóò pàdánù láwùjọ. Àwọn ìjọ kan ṣì wà tó ní kó kó wọn kúrò.

Èrò tiwa ni pé a kò lè fi ìwà ìkà tuntun tún àtijọ́ ṣe. Bí ìjọ yín bá ní kí ẹ ya ara yín, ilé rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn yín.

Bí Ọlọ́run bá ti dárí jì mí, kí ló dé tí ìyà rẹ̀ kò tíì kúrò?

Nítorí pé ìdáríjì ń tún àárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run ṣe. Kì í dá ọjọ́ padà sẹ́yìn. Nátánì sọ fún Dáfídì pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹnu yẹn náà ló fi sọ pé idà kò ní kúrò nílé rẹ̀. Ẹni tí ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ lè rí ìdáríjì lónìí kó sì wà lọ́dọ̀ dókítà lọ́la. Ẹ má ka irú èyí sí àmì pé Ọlọ́run ṣì ń bínú.

Mo ti jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò yé dá mi lẹ́bi.

Ẹ fetí sí irú ohùn tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí Ẹ̀mí Mímọ́ bá ń báni wí, ó máa ń dárúkọ ohun kan, ó sì máa ń fi ọ̀nà hàn: "Lọ bá a. Dá a padà." Ìdálẹ́bi lásán kì í dárúkọ ohunkóhun, ó kàn ń sọ pé ẹ ti bàjẹ́, kò sì fi ilẹ̀kùn kankan sílẹ̀. Pétérù sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, Júdásì tà á. Àwọn méjèèjì kẹ́dùn. Pétérù padà sáàárín àwọn ará. Júdásì dá wà pẹ̀lú ẹ̀bi rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ ti jẹ́wọ́ tí ẹ sì ti tún ṣe ló ń padà wá, ẹ má jẹ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ dúpẹ́ dípò rẹ̀. Martin Luther, ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe ìjọ, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé àwọn mọ́ńkì, a máa jẹ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Nígbà tó rí i pé ìlérí Ọlọ́run ló yẹ kí òun máa wò, kì í ṣe bí ìjẹ́wọ́ òun ṣe pé tó, ni ara tù ú.

Ṣùgbọ́n bí oorun ti dá, tí oúnjẹ kò lọ, tí ìbànújẹ́ náà ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wọlé, ẹ má dá wà. Ẹ pe ẹnì kan kó wá jókòó tì yín lónìí, kí ẹ sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni kò ní ìdáríjì?

Máàkù 3:28-30. Àwọn akọ̀wé òfin rí iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ kedere, wọ́n sì ní ti èṣù ni. Ọkàn tó ti le débi pé ó ń pe ìmọ́lẹ̀ ní òkùnkùn kò ní wá ìdáríjì rárá. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé bóyá òun ti ṣẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù yẹn fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ kò tíì kú.

Ìjọ ti jà lórí èyí tipẹ́. Nínú inúnibíni Késárì Décíù ní 250, ọ̀pọ̀ Kristẹni rúbọ sí òrìṣà Róòmù kí wọ́n má bàa pa wọ́n. Nígbà tí wàhálà rọlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ padà, Nófátíánì, àlùfáà kan ní Róòmù, ní ìjọ kò lè gbà wọ́n mọ́. Kípríánì, bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì ní Àríwá Áfíríkà, àti Kọ̀nẹ́líù, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, ní kí a gbà wọ́n lẹ́yìn ìrònúpìwàdà tó hàn. Ìhà tiwọn ni ìjọ gbà.

Ṣé ìgbàgbọ́ ló ń gbani là ni àbí iṣẹ́ rere?

Éfésù 2:8-10 to ó lẹ́sẹẹsẹ: oore-ọ̀fẹ́ ló gbani là, nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe nípa iṣẹ́; a sì dá wa *fún* iṣẹ́ rere. Jákọ́bù ní ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́ ti kú. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó pín ìjọ níyà lẹ́yìn 31 Oṣù Kẹwàá 1517, ọjọ́ tí Luther gbé àkòrí ọ̀rọ̀ 95 rẹ̀ jáde, Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, sì fèsì fún ẹgbẹ́ Luther ní 1547. Ní ọjọ́ kan náà nínú oṣù, 31 Oṣù Kẹwàá 1999, ìjọ Kátólíìkì àti Àjọ Lútérì Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé kan ní Augsburg, ní Jámánì, pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nípa ìgbàgbọ́ nínú Kristi, ni Ọlọ́run fi ń gbà wá, kì í ṣe nítorí ẹ̀tọ́ kankan tí a ní. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àgbáyé dara pọ̀ mọ́ ọn ní 2006.

Ṣé mo lè sọ ìgbàlà mi nù?

Ìgbìmọ̀ Dort, ìpàdé àwọn ìjọ Àtúnṣe ní Netherlands, 1618 sí 1619, ní ẹni tí Ọlọ́run yàn yóò forí tì í dópin. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì àti púpọ̀ nínú àwọn ìjọ ìwà mímọ́ ní ènìyàn lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò (Hébérù 6:4-6). Ìhà méjèèjì gbà pé ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣeré pẹ̀lú ìlérí Ọlọ́run lẹ́nu ti ṣì í mú.

Ṣé owó ìrúgbìn, àbẹ́là tàbí omi àdúrà lè mú ìdáríjì wá?

Rárá. Ìṣe 8:20: Pétérù sọ fún Símónì pé kí owó rẹ̀ bá a ṣègbé, nítorí ó rò pé òun lè fi owó ra ẹ̀bùn Ọlọ́run. Títa ìwé ìdáríjì ní Jámánì ló mú Luther kọ àkòrí ọ̀rọ̀ 95 rẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì fúnra rẹ̀ bẹnu àtẹ́ lu òwò náà ní Trent ní 1563. Ẹ fi owó yín ran ìjọ lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ yín kò ní kúrò àfi kí ẹ san iye kan, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo ti ronú pìwà dà, ìwà mi kò tíì yí. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Èkíní, a gbé ohun kan kúrò, a kò fi nǹkan sípò rẹ̀. Ẹ ka Éfésù 4:28 dáadáa. Pọ́ọ̀lù kò dúró síbi "kí ẹni tó ń jalè má jalè mọ́". Ó ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó lè rí nǹkan fún aláìní. Ọwọ́ tó ń mú di ọwọ́ tó ń fúnni. Ìgbà yẹn ni olè tó kú. Ẹni tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun yóò wà ní agogo méje alẹ́ Ẹtì. Ẹni tí fóònù ń mú ṣẹ̀ lóru, kó fi í sílẹ̀ ní pálọ̀ kó tó wọ yàrá, kó ra aago tí yóò máa jí i.

Ohun kejì ni pé a fi ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Éfésù tó ń pidán kó ìwé wọn jáde, wọ́n sun ún ní gbangba, iye rẹ̀ sì tó 50,000 owó fàdákà (Ìṣe 19:19). Wọn kò tà á. Ní ìsọjí Òkè-Oòye ní Iléṣà ní 1930, nígbà ìwàásù Joseph Ayo Babalola, àwọn ènìyàn kó oògùn àti ère wọn jáde bákan náà. Ẹ bi ara yín: kí ló ṣì wà nínú àpótí tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí?

Ẹ̀kẹta ni ìdáwà. Ní Bristol ní 1742, àwọn ọmọ ìjọ John Wesley, tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, pín ara wọn sí kíláàsì ẹni bíi méjìlá, láti máa dá kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀ san gbèsè ilé ìsìn. Olórí kíláàsì ń lọ gba owó láti ojúlé dé ojúlé, ó sì ń rí bí olúkúlùkù ṣe ń gbé. Kò pẹ́ tí bíbójú tó ọkàn fi borí owó. Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Yorùbá ṣì ní kíláàsì títí dòní. Bí tiyín bá ti di ibi ìsanwó nìkan, ẹ jí i padà: ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí olúkúlùkù dáhùn "báwo ni ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ẹ sì ní sùúrù. Gálátíà 5:22 pè é ní èso. Kòkó kì í so lọ́jọ́ tí a gbìn ín. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ dìde lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró di ọdún tuntun.

Ẹni tó ṣẹ̀ mí ńkọ́? Ṣé mo gbọ́dọ̀ dárí jì í, kí n sì gbà á padà?

Mátíù 18:21-35 ní ìṣirò nínú. Ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ 10,000 tálẹ́ńtì. Tálẹ́ńtì kan tó 6,000 dénárì, dénárì kan sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà. Gbèsè náà jẹ́ 60,000,000 ọjọ́ iṣẹ́, ó ju 160,000 ọdún lọ láìsinmi ọjọ́ kan. Gbèsè tó tìtorí rẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ lọ́rùn jẹ́ 100 dénárì, bí oṣù mẹ́ta lé díẹ̀. Jésù kò sọ pé 100 dénárì kò jẹ́ nǹkan kan. Owó gidi ni, ó sì ń dunni.

Dídárí jini yàtọ̀ sí ìlàjà, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ìfọkàntán. Ẹnì kan ṣoṣo lè dárí jini. Ìlàjà nílò ẹni méjì, ẹni tó ṣẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ìfọkàntán ń gba àkókò. Ẹ lè dárí ji ẹni tó kó owó yín jẹ láìtún yá a lówó. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù lè dárí jì í láti ilé àwọn òbí rẹ̀. Ìdáríjì kò ní kó padà lọ jẹ ẹgba. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá bá ọmọdé lò, ọlọ́pàá ni kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá, ìbáà jẹ́ alàgbà ìjọ. Ẹni tó ní kí ẹ fi ìdáríjì bo ó mọ́lẹ̀ ń fi ọmọ mìíràn sínú ewu.

Èmi ni mo ṣẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ẹ lọ fúnra yín bí ààyè bá wà, ní ọ̀sán, nígbà tí kò ní àlejò. Ẹ má kó àwọn àgbà dání láti fi wúwo mọ́ ọn. Bó bá jù yín lọ, ẹ kí i bó ṣe yẹ, ẹ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìdọ̀bálẹ̀ gba ipò ọ̀rọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe: "Ẹ̀gbọ́n, ní ọjọ́ ìsìnkú Bàbá, èmi ni mo mú ₦80,000 inú àpò yẹn. Mo jẹ́ kí ẹ fura sí Àbúrò. Mo ṣẹ̀ yín, mo ṣẹ̀ ẹ́. Owó náà rèé pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ₦96,000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Kí ẹ dákẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé "bí mo bá ṣẹ̀ yín". Ẹ má ṣàlàyé bí nǹkan ṣe le fún yín nígbà náà, àfi bó bá béèrè. Ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì fi ipá gba ìdáríjì lẹ́nu rẹ̀. Bó bá bínú, ẹ gbọ́ ọ tán. Bó bá ní òun kò fẹ́ rí yín, ẹ fi owó náà sílẹ̀ fún un, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ Àbúrò lọ lọ́jọ́ náà.